Bí Mo Ṣe Wá Ojú Táíwò Kàn

"Pẹ́ńtà, ta nìyí?"

Ohun tí Màmá Onídòdò kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé àwòrán wọn dé. Mo ti gbé e ti ògiri pálọ̀ wọn, mo ti ṣí aṣọ orí rẹ̀, mo ti káwọ́ sẹ́yìn, mò ń retí kí wọ́n yìn mí. Obìnrin méjì ló jókòó nínú àwòrán náà, gèlè kan náà, ojú kan náà, ìjókòó kan náà. Mo nawọ́ sí ti apá ọ̀tún.

"Ẹ̀yin nìyí, Mà."

"Èkejì ńkọ́?"

"Táíwò ni."

Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún sún sẹ́yìn. "Irọ́ ni o. Èmi lo kùn lẹ́ẹ̀mejì. Gbé e kúrò ńbí."

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́, inú bí mi gan-an. Ìbejì kẹ̀! Ẹni méjì tó jọra bí nǹkan míì, kí lẹ tún fẹ́ kí n kùn? Mo fẹ́ sọ ọ́ síta, mo rántí pé wọ́n jù mí lọ, mo gbé e mì. Mo wé àwòrán mi, mo gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a gbọ̀nà ilé. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò ni pákó rẹ̀ ń gbá mi lágbọ̀n.

Kẹ́hìndé ni orúkọ màmá yìí, ṣùgbọ́n dòdò tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ni gbogbo Ìkirè fi ń pè wọ́n. Kékeré ni wọ́n wà tí ibà fi mú Táíwò, èkejì wọn, lọ. Ẹnikẹ́ni ò ya ọmọ náà ní fọ́tò rí. Látìgbà tí Màmá ti gbọ́n, wọ́n ní àwọn ò ní dá dúró níwájú ayafọ́tò kankan. Wọn ò yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọn ò yà nígbà tí ọmọ wọn jáde níwèé mẹ́wàá. Èyí tó wà lára káàdì ìdìbò, wọ́n ní ìjọba ló fi tipá yà á, pé àwọn ò kà á sí.

Ràfíátù, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣe tíṣà, ló wá bá mi. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́. Màmá ní àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ àfi bí àwòrán àwọn méjèèjì bá parí. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, ó bínú. Màmá ò yẹ̀.

"Bí mo bá lọ tí mi ò bọ̀," wọ́n ní fún un níṣojú mi, "ojú èmi nìkan lẹ máa gbé kọ́ ògiri. Àwa méjì la jọ wá. Mi ò ní dá wà lára ògiri."

Ìyẹn ni pé bí mi ò bá rí àwòrán yẹn kùn, Màmá ò ní lọ sí Ìbàdàn, ohun tí àwọn dókítà fẹ́ yọ á sì máa dàgbà nínú wọn. Ẹrù ńlá ni. Èmi tí wọ́n gbé e lé lórí ni mo yára jù. Láyé àwọn òbí wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á lẹ wọ́n pọ̀, gbogbo ẹbí á sì gbà pé àwọn méjèèjì nìyẹn. Mo ti rí irú ẹ̀ ní pálọ̀ tó pọ̀. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kun Màmá tán, mo da ojú àti gèlè wọn kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣẹ́ parí. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ná. Mi ò kọ́ ọ nílé ìwé kankan. Àpòmù ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú, tó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò. Èmi nìkan lọ́mọbìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àwọn tó kù sì máa ń ní kí n lọ kọ́ irun dídì. Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà kó má ki jù, kó má sì ṣàn. Nígbà tí mo gba ìyọ̀ǹda, mo kọ pátákó onígbàjámọ̀, mo kọ ti aránṣọ, mo kọ ti ilé ìwé, mo kọ ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò lè wọ Ìkirè nígbà yẹn kẹ́ ẹ má rí ọwọ́ mi.

Bánà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló wá bà á jẹ́. Ẹni tó yẹ kó dúró kí ọ̀dà mi gbẹ ti lọ gba tirẹ̀ níbi ẹ̀rọ kí omi tó hó. Mo bá bọ́ sídìí àwòrán: obìnrin tó ru igbá, oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ọ̀nà Ifẹ̀ ń rà á. Mo kun obìnrin onígbá yẹn títí mo fi lè dijú kùn ún. Lọ́jọ́ kan mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo wo aṣọ funfun tí mo nà sára pákó, mo tún gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mi ò lè kun onígbá mọ́, mi ò sì mọ ohun míì tí mo lè kùn. Ọwọ́ mi kú. Inú ipò yẹn ni mo wà tí Ràfíátù fi kanlẹ̀kùn, mo sì rò pé iṣẹ́ ìbejì yìí ló máa jí mi.

Ó wá jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn tí Màmá ní kí n gbé àwòrán kúrò, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, mo ti dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì tó mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Ìkirè wa níbí, mo ní mo fẹ́ ra nǹkan lọ́jà ibẹ̀, mo débẹ̀ tán, mo rìn yíká, mo padà lọ́wọ́ òfìfo.

Ọkọ mi wò mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ṣé èèrà wà lórí ìjókòó yẹn ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó fi mí sílẹ̀ lóòótọ́, ó gba iwájú tẹlifíṣọ̀n lọ.

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Mo mú kí Táíwò tín-ín-rín, ó wá dà bí Màmá Onídòdò tó ń ṣàìsàn. Mo yí imú rẹ̀ padà, ó di àlejò. Mo wá ronú pé ṣebí ọmọdé ló kú, kí n kun ọmọdé. Mo fi èédú ya ọmọbìnrin kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo gbé e lọ fi hàn wọ́n kí n tó fi ọ̀dà sí i.

Wọ́n wò ó. "Ọmọ-ọmọ ta nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Ràfíátù lẹ́rìn-ín, ó sì tún pa á lẹ́kún. Ó sìn mí débi ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ ti ń sún mọ́lé. Dókítà ní bí a bá pẹ́ jù, kò ní ṣeé ṣe mọ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Àpòmù lọ bá Ọ̀gá Múfú.

Ọ̀gá ti darúgbó. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n báyìí, wọn ò lè fa ìlà tó gún mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò gbọ̀n rárá. Wọ́n fún mi lẹ́kọ mu, mo ro ẹjọ́ mi.

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ti kú."

"Ó kú báwo? Ṣebí òun náà lo fi gbé ẹ̀kọ mì báyìí."

"Ọ̀gá, mi ò ṣàwàdà."

"Èmi náà ò ṣàwàdà. Ọ̀dà funfun wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lọ kun ògiri ẹ̀yìnkùlé yẹn fún mi."

Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Oòrùn ń ta. Èmi ìyá ọlọ́mọ, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá ní Ìkirè, mò ń kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Mo kùn ún tìbínú-tìbínú, ọ̀dà ń ta sí mi lójú, mò ń ráhùn sínú. Nígbà tí mo ṣe tán, Ọ̀gá jáde wá, wọ́n fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn tọ́ka sí ibì kan tí mo fò.

"Ibẹ̀ yẹn kù," wọ́n ní. Mo kùn ún. "Ó dáa. Ọwọ́ ẹ ò kú. Obìnrin tó ń wá ojú èkejì ẹ̀ yẹn, ṣé o ti bá a jókòó rí?"

"Wọ́n jókòó fún mi, mo kùn wọ́n, Ọ̀gá."

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Òun ló jókòó fún ọ. Lọ bá a jókòó. Má mú búrọ́ọ̀ṣì dání."

Títí di òní, mo ṣì gbà pé ògiri wọn ni wọ́n kàn fẹ́ kí n kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní ọ̀nà míì, mo bá lọ.

Kì í ṣe ìjókòó ni mo bá nídìí dòdò. Bí Màmá ṣe rí mi báyìí, wọ́n ti gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́. "Bó o bá fẹ́ dúró ńbí, gún ata. Mi ò gba ẹni tó ń wò mí." Mo gún ata títí imú mi fi ń dà. Wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, irú èyí tí ẹlòmíì á dà nù, wọ́n ń gé e, wọ́n ń bu ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n ń kó o sínú epo pupa tó ń hó. Èéfín ń wá sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń yí orí kúrò, wọ́n ń fún ojú pọ̀, wọ́n tún ń padà. Wọn ò yé ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo iwájú orí wọn hunjọ.

Nígbà tí ata fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná, mo bi wọ́n pé, "Mà, irú ọmọ wo ni Táíwò?"

Wọ́n yí dòdò inú epo padà. "Táíwò? Táíwò kì í jókòó. Bí wọ́n bá rán wa lọ sódò, ó ti sáré lọ. Èmi á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú garawa. Á dé iwájú, á dúró, á yíjú padà, á figbe ta: 'Kẹ́hìndé ìgbín! Kẹ́hìndé ìgbín! Ṣé ilẹ̀ ló máa ṣú ọ síbẹ̀ ni?' Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ojú á sì tì mí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín rí látìgbà tí mo ti ń ra dòdò wọn. Mo gbàgbé ọmọ odó sínú odó. Iwájú orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìhunjọ míì wá jáde létí ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé sókè, wọ́n sì di ẹlòmíì lójú mi. Kó tó pẹ́, èéfín padà dé, wọ́n tún fún ojú pọ̀, ẹni yẹn sì lọ.

"Mà, ẹ tún sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi."

"Kí ni kí n sọ? Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ rí i, wá."

Wọ́n ní kí Ràfíátù dúró ti epo, wọ́n mú mi wọ yàrá. Àpótí onípákó kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fà á jáde, wọ́n ṣí i, òórùn káfúrà gba gbogbo yàrá. Aṣọ ló kún inú ẹ̀.

"Àwọn ìyá míì á gbẹ́ ère fún èyí tó kú," ni Màmá wí. "Ìyá mi ti di Mùsùlùmí, wọn ò fẹ́ gbẹ́ ère. Aṣọ ni wọ́n ń rà. Gbogbo ọdún Iléyá, bí wọ́n bá ra tèmi, wọ́n á ra ti Táíwò."

Wọ́n ń kó wọn jáde sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gáùn ọmọdé kan, kékeré. Òmíì tó tóbi jù ú lọ díẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Bùbá ọ̀dọ́bìnrin. Ìró àti bùbá ìgbéyàwó, tí wọ́n rà pẹ̀lú ti Màmá lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, Màmá ò dúró, àwọn fúnra wọn ló ń rà á. Wọ́n na èyí tí wọ́n rà ní Iléyá tó kọjá sí mi. Àǹkárá pupa ni, pupa tó ń pariwo, òdòdó ńláńlá lára ẹ̀. Èmi tí mò ń fi ọ̀dà ṣiṣẹ́, mi ò lè fi irú ẹ̀ bora.

"Ẹ̀yin kì í wọ pupa, Mà." Aláró àti aṣọ tó ṣókùnkùn nìkan ni mo mọ̀ mọ́ wọn.

"Kì í ṣe tèmi. Táíwò ò fẹ́ràn aṣọ tó ń dákẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n fi wọ̀n yín wò."

"Mo ní kì í ṣe tèmi!" Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n na apá ẹ̀ méjèèjì.

Mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ata nìkan. Bùbá àgbàlagbà ló wà níwájú mi. Èmi ń wá ọmọdé tó kú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń wọn ọmọ yẹn lọ́dọọdún nílé yìí, wọ́n ń fi kún gígùn aṣọ rẹ̀, wọ́n ń fi kún ìbú rẹ̀. Táíwò ti dàgbà. Ó ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí, ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí i. Èmi tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún nìkan ni ò mọ̀.

Mi ò dágbére dáadáa. Mo sáré jáde, Ràfíátù ń pè mí, "Àǹtí, ẹ̀ ń lọ ni? Àǹtí!" Mo ti wà lórí ọ̀kadà.

Ohun tí mo wá rí nìyí, màá sì sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo kùn, wàhálà Màmá Onídòdò ni mo kó lé Táíwò lójú. Iná ló hun iwájú orí Màmá jọ. Èéfín ló fún ojú wọn pọ̀. Dòdò dídín ló tẹ èjìká wọn. Táíwò ò dáná dòdò rí láyé ẹ̀, èwo ni ti èéfín lójú ẹ̀? Egungun ojú lè jọra, Ọlọ́run ló ṣe ìyẹn. Ohun tí èèyàn ń fi ojú ẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ ló ń kọ ìyókù. Ọmọ tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, bó bá dàgbà, etí ojú ẹ̀ ló máa hunjọ, àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ọrùn ẹ̀ á tín-ín-rín torí kì í jókòó. Irun ẹ̀ á funfun bíi ti èkejì ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ò bọ́ nínú ìyẹn.

Mo kùn ún nínú ìrìn. Mo gbé Kẹ́hìndé jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ aláró wọn, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú wọn ń wo iwájú. Mo fi Táíwò síwájú lójú ọ̀nà, nínú àǹkárá pupa yẹn, ẹsẹ̀ kan ti kúrò nílẹ̀, ó yí ọrùn padà, ó ya ẹnu. Gbogbo ìrìnkurìn mi, gbogbo ìjókòó tí mi ò lè jókòó, mo dà á sí obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi ń sáré, mi ò lè dá a dúró. Ọkọ mi gbé oúnjẹ wá, ó gbé e lọ, ó tún gbé e wá. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sinmi pẹ́nrẹ́n, ojú yẹn á tún lọ. Inú mi dùn débi pé mò ń pariwo bá àwòrán sọ̀rọ̀, mò ń wí pé, "Ẹ dúró ná, Mà, ẹ dúró kí n rí ẹnu yín!"

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sí Ìbàdàn gan-an ni mo gbé e dé. Kí ọkàn yín má baà dà rú, Màmá lọ, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Wọ́n ti padà sídìí epo, ata ni mo sì máa ń bá lọ́wọ́ wọn bí mo bá ya ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó lọ ni mo fẹ́ sọ.

Mọ́tò wà níta. Ràfíátù ti ń rìn síwá sẹ́yìn ní pálọ̀. Màmá jókòó, wọ́n wé gèlè, báàgì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Mo gbé àwòrán sára ògiri. "Ẹ rọra o, Mà, ọ̀dà ò tíì gbẹ." Mo ṣí i.

Wọ́n dìde. Wọn ò tiẹ̀ wo ara wọn nínú àwòrán náà, Táíwò nìkan ni wọ́n lọ bá. Wọ́n dúró síwájú ẹ̀, ojú sí ojú. Ràfíátù fẹ́ sọ̀rọ̀, mo di apá ẹ̀ mú.

Màmá na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan etí ojú Táíwò, ibi tí mo kun ìhunjọ sí, bí ẹni tó ń nu nǹkan kúrò lójú ọmọ.

"Háà, Táíwò," wọ́n ní. Ohùn wọn rọ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. "Ìwọ náà ti darúgbó."

Wọ́n wá sunkún. Wọ́n sunkún dáadáa, ẹkún tó ti pẹ́ nínú, Ràfíátù náà sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó tó, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n wo ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ìka wọn. Mo ti mú àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì jáde nínú àpò mi. Wọ́n fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ gbé báàgì mi."